Orúkọ Kàbà Wà ní Lọ́kọ́ja, Ẹmu Kàbà Wà Nínú Ike Omi

Ẹ̀yin ará Kàbà! Mo mọ̀ pé ẹ ti jókòó, torí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, kẹ́ẹ̀gì ẹmu ti balẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sì ti ń ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣèjọba fún ẹni tí kò bi í. Ọmọ Òwé, ẹ̀yà tó ni Kàbà, lèmi náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fẹjọ́ mi sun ààfin. Bí a kò bá bú ara wa nílé, ará ìta ni yóò bú wa, ará ìta kì í sì í ra ẹmu fún ẹni tó bú.

Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà sí wa lọ́rùn kò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fi orúkọ Kàbà pè, ìlú mìíràn ló máa ń lọ gbé. Èyí tó wá jókòó tì wá nílé, tí kò lọ síbì kan, òun la kò fún lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ láti orí ogun. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, George Goldie, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Royal Niger Company, kó ọmọ ogun jáde láti Lọ́kọ́ja, ó dorí kọ Kàbà. Àwọn ọmọ ogun Nupe láti Bídà ló wá bá jà, àwọn tó fi ilẹ̀ wa ṣe àgọ́, tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ àti ẹrú lọ́wọ́ àwọn baba wa. Nígbà tí Goldie dé, àgọ́ tó dá páropáro ló bá. Ogun ti ká ẹní rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Bídà fúnra rẹ̀ ṣubú. Ìlú mìíràn ìbá ti sọ ọjọ́ yẹn di ọdún ńlá, kí wọ́n máa pa màlúù, kí agbè ẹmu máa ti ọwọ́ kan dé òmíràn. Ẹ bi ọmọ yín tó ń tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ẹni tí Goldie jẹ́. Yóò ní agbábọ́ọ̀lù Chelsea ni.

Lẹ́yìn náà ni Òyìnbó dá Ẹkùn Kàbà sílẹ̀ ní Àríwá, èyí tí wọ́n ń pè ní Kabba Province. Ẹ wo iyì! Igala ń jẹ́ Kàbà nínú ìwé ìjọba, Ebira ń jẹ́ Kàbà, Yàgbà, aládùúgbò wa tí kì í gbà fún wa ní tọ̀sán tòru, náà ń jẹ́ Kàbà. Ọ́fíìsì ọ̀gá Òyìnbó tó ń ṣàkóso ẹkùn náà ńkọ́? Lọ́kọ́ja. Ní 1955, ìjọ Kátólíìkì dá àgbègbè tuntun sílẹ̀, wọ́n pè é ní ti Kàbà, wọ́n fi Auguste Delisle, àlùfáà ọmọ Kánádà tí èdè Faransé ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ṣe olórí. Inú wa dùn, a jó. Nígbà tó fi máa di 1964, tí wọ́n ní ó tó dáyósíìsì, Dáyósíìsì Lọ́kọ́ja ló dà. Ní 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá, ó so Ẹkùn Kàbà mọ́ ti Ìlọrin, a di ará Kúwárà, olú ìlú bọ́ sí Ìlọrin. Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, Babangida dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Olú ìlú rẹ̀, mi ò ní sọ ọ́, kí ẹmu má baà kan lẹ́nu yín. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín lọ́la pé wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kàbà sílẹ̀, ẹ má jó. Ẹ yáa sáré lọ ra ilẹ̀ sí Lọ́kọ́ja.

Ní ti àga gómìnà Kogí, ọmọ Òkun kan, ìyẹn àwa Yorùbá Kogí, dé orí rẹ̀ rí. Clarence Ọláfẹ́mi, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣe adelé ní 2008 fún nǹkan bí oṣù méjì. Àwọn èèyàn wa kan ṣì ń rán aṣọ ìkíni lọ́wọ́ nígbà tó ti kúrò níbẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí orúkọ tó lọ. Ẹ jẹ́ ká bojú wo ohun tó kù nílé, ìyẹn ẹmu.

Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n fẹnu kò pé jíìnì àti ọtí líle òkèèrè kò gbọdọ̀ wọ àwọn ilẹ̀ inú lọ́hùn-ún Áfíríkà tí kò tíì dé. Bí ọtí líle òkèèrè ṣe di èèwọ̀ fún ọmọ onílẹ̀ ní Nàìjíríà Àríwá nìyẹn. Ní Gúúsù, owó ibodè orí jíìnì ni ìjọba fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń sanwó akọ̀wé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ jíìnì, ṣùgbọ́n wọn kò dí ẹmu lọ́wọ́, wọn kò sì dí ọtí ọkà bàbà tí àwọn ìyá wa ń pọn lọ́wọ́. Ẹ wo oore tí amúnisìn ṣe wá láìmọ̀! Ó lé gbogbo ẹni tó lè bá akọ̀pẹ Kàbà du oníbàárà kúrò lójà, ó fi ṣọ́jà ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìlú tó bá ní ojú inú ìbá ti fi àǹfààní yẹn dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Àwa na ahá síwájú, a ní, “Ẹ bù sí i.”

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú ẹlòmíì kí ojú tì wá díẹ̀. Ìlú kékeré kan wà ní gúúsù Faransé, Châteauneuf-du-Pape lorúkọ rẹ̀. Gbogbo ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn wá sí Kàbà lọ́jọ́ ọjà, àwọn alápatà kò ní mọ̀ pé àlejò wọ̀lú. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbin àjàrà, kí wọ́n fún un, kí wọ́n dé e mọ́ inú ìgò. Ilẹ̀ wọn kún fún òkúta rìbìtì-rìbìtì tí àgbẹ̀ Bùnú, aládùúgbò wa, kò ní gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní òkúta náà ń gba oòrùn sára lọ́sàn-án, ó ń fi ooru rẹ̀ fún àjàrà lálẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tajà, àlébù ilẹ̀ rẹ̀ náà yóò di oríkì.

Châteauneuf-Calcernier ni ìlú yìí ń jẹ́ látijọ́, nítorí òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà, tí wọ́n sì ń sun níbẹ̀. Òkúta ẹfun, ẹ gbọ́! Ohun tí wọ́n ń wà ní Ọbajànà náà nìyẹn, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, tí tírélà rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn. Nígbà tí àwọn Póòpù ń gbé Avignon ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Póòpù John Kejìlélógún kọ́ ilé ńlá sí ìlú kékeré yìí. Ó kú ní 1334. Ní 1893, àwọn ará ìlú jókòó, wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n rí i pé orúkọ òkúta kò lè ta wáìnì. Wọ́n ju òkúta nù, wọ́n mú Póòpù. Òkú tó ti lò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún nínú sàárè ni wọ́n gbé dìde pé kó wá bá wọn tajà, ó sì ń tà á títí dòní. Àwa tí a ní Kábíyèsí mẹ́ta láàyè, Ọbaro, Ọbadòfin àti Ọbajẹmu, pẹ̀lú adé, pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oríkì, a kò tíì rí ìgò kan tó jẹ́ tiwa tí a lè ya fìlà kan ṣoṣo sí lára. Kí ẹ sì má bi mí fìlà ta ni yóò ṣáájú. Ìpàdé ọdún mẹ́wàá nìyẹn.

Ní 1923, ọkùnrin kan níbẹ̀, Baron Le Roy, lọ́yà tó tún ti wa ọkọ̀ òfurufú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, kó àwọn àgbẹ̀ jọ, wọ́n kọ òfin fún ara wọn. Irú àjàrà báyìí nìkan, agbára ọtí kò gbọdọ̀ dín sí ìwọ̀n báyìí, ilẹ̀ tí wọn yóò sì ti gbìn ín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí táìmù àti làfẹ́ńdà, ewé olóòórùn méjì yẹn, lè jọ hù lórí rẹ̀. Ní 1936, ìjọba Faransé fi òǹtẹ̀ lù ú: ẹni tí kò bá gbin àjàrà láàárín ààlà yẹn kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ìlú náà sára ìgò. Bí a bá ní ká ṣe irú rẹ̀ ní Kàbà, mo ti rí ààlà tiwa: gbogbo ilẹ̀ tí ọ̀pẹ àti pósítà olóṣèlú bá ti jọ hù. Kò sí pápá kan tí yóò ṣẹ́kù síta.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ẹmu tiwa lójúkojú. Akọ̀pẹ jí ní ìdájí, ó so igbà mọ́ ìbàdí, ó kó ọ̀bẹ àti kèrègbè, ó gun ọ̀pẹ. Ó gé ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́ níbi tó ti ń dá ẹmu, ó tú ti àná, ó gbé kèrègbè mìíràn kọ́ ọ. Oje tó ń kán síbẹ̀ kò ní ọtí kankan nínú nígbà tó bá ń já bọ́; adùn nìkan ló ní. Ìwúkàrà tó wà nínú kèrègbè àti nínú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ṣúgà rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ọtí láàárín wákàtí bíi mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ẹmu àárọ̀ fi ń dùn lẹ́nu aláboyún, tí ti ìrọ̀lẹ́ fi ń mú kí tíṣà àgbà kọrin ẹgbẹ́ akọrin ọdún 1974. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń lọ sí kíkan. Wáìnì Faransé lè dúró ogún ọdún kó máa retí yín. Ẹmu kì í retí ẹnìkan. Òun nìkan ni nǹkan tí kì í pẹ́ sípàdé ní gbogbo Kàbà.

Láti orí ọ̀pẹ, ó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu. Ẹ̀yìn ilé ni iṣẹ́ ìyanu Kánà ti ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀ díẹ̀: omi ni ọtí ń dà. Kẹ́ẹ̀gì kan wọlé, méjì jáde. Sákárínì díẹ̀ wọ inú rẹ̀, kí ahọ́n má baà fura. Kò sẹ́ni tí í pe ọbẹ̀ tirẹ̀ ní ò dùn, ìyá ẹlẹ́mu á sì fi ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì búra pé bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà gbé ahá, ó rí oyin kan tó kú sójú ìhó. Ó ní ẹ̀rí nìyẹn pé ojúlówó ni. Ó fi ọmọńdinrín ta á dànù, ó fẹ́ ìhó sẹ́yìn, ó dà á sọ́fun, ó dijú, ó ní, “Omi ti wọ̀ ọ́ o.” Ó sì tún na ahá.

Ìgbà tó bá wá kan ọ̀rọ̀ kí ẹmu rìnrìn àjò lojú ń tini. Ọmọ Kàbà tó ń padà sí Àbújá ní kí wọ́n bá òun rọ mẹ́ta. Ẹlẹ́mu wọ kọ́rọ̀, ó kó ike omi jáde, irú èyí tí wọ́n ṣà níbi ìsìnkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orúkọ ilé iṣẹ́ omi Èkó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára gbàgbà. Ó rọ ẹmu sí i, ó dé e, ó ta ihò sí ìdérí kó má baà bú. Ẹmu Kàbà kò ṣàìní orúkọ mọ́ nìyẹn. Omi Èkó ló ń jẹ́.

Akọ̀pẹ ńkọ́? Òun ló gun igi, òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Bó bá ní kí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún náírà kún un, àwọn tí wọ́n ti jókòó láti òwúrọ̀ á ní ojúkòkòrò ń dà á láàmú. Amos Tutùọlá kọ ìwé kan jáde ní 1952 nípa ọ̀mùtí kan tí akọ̀pẹ rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ kú, tó sì tọ̀ ọ́ lọ sí ìlú àwọn òkú láti mú un padà. Ẹ̀yin ọ̀mùtí Kàbà, bí akọ̀pẹ yín bá já lónìí, ẹ kò ní tọ̀ ọ́ dé ọsibítù. Ẹ ó wulẹ̀ bèèrè ta ló tún ń dá a ládùúgbò yẹn ni.

Ẹ wá wo àwa kan náà lójọ́ ìgbéyàwó. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu tó wà nínú ìwé ẹrù ìyàwó, àna kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, ó mì í, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní kò kún. Ìgò wáìnì pupa tó wà níwájú àwọn àlejò pàtàkì, kò sẹ́ni tó bi í léèrè baba tó bí i. Ó so táì mọ́ ọrùn bí igbákejì gíwá, wọ́n fi òjé pẹlẹbẹ bò ó lórí, gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń tò láti mu ún. Òkun bí ọ̀jọ̀gbọ́n púpọ̀, ẹ kú oríire. Nínú agbo ilé kan, ẹ lè rí onímọ̀ nípa kòkòrò, onímọ̀ nípa òfin, àti onímọ̀ nípa ilẹ̀, kí wọ́n sì jọ máa mu ẹmu tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó dá a.

Kì í ṣe ẹmu nìkan la ń ṣe báyìí sí. Kọfí ń hù ní Iyamoye tó wà ní Ìjùmú, kò jìnnà sí wa. Ní òwúrọ̀, àgbẹ̀ rẹ̀ á já ọ̀rá Nescafé, á pò ó. Kajú kún ilẹ̀ Kogí. A ń ta hóró rẹ̀ tútù fún oníṣòwò tó ń kó o lọ sí Íńdíà àti Vietnam, a sì ń fi èso rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ máa fi ba yunifọ́ọ̀mù jẹ́. Àwọn Potogí kan náà tó gbé kajú dé ọ̀dọ̀ wa ló gbé e dé Goa ní Íńdíà. Àwọn ará Goa fún èso náà, wọ́n sè é di ọtí tí wọ́n ń pè ní feni, ní 2009 sì ni ìjọba Íńdíà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ti Goa ni, kí ẹlòmíì má ṣe jẹ́ ẹ. Igi kan náà, èso kan náà. Àwọn ní ọtí, àwa ní àbàwọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìwà Yorùbá ni. Ìjẹ̀bú fi gàrí gbayì. Ọ̀fàdà kò tóbi tó àdúgbò kan ní Ìbàdàn, ìrẹsì rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ òfurufú. Bùnú tí a jọ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń yẹ́ òkú ọlọ́lá sí ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè, orúkọ Bùnú ló sì ń jẹ́ níbẹ̀. Òkú Bùnú ní ohun tí wọ́n fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè. Alààyè Kàbà ń mu omi Èkó.

Ẹ ti ń múra àwáwí, mo gbọ́ ọ. Ẹ ní ẹmu kì í pẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, nítòsí Benin, ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi iná díẹ̀ pa ìwúkàrà rẹ̀, tí wọ́n sì ń dé e mọ́ ìgò fún oṣù mélòó kan, kí púpọ̀ nínú yín tó fẹ́yàwó. Ẹ ní ọ̀nà kò dáa. Dangote ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà Ọbajànà sí Kàbà, kìlómítà 43, kọnkéré tó le ju ìpinnu ìpàdé wa lọ. Ẹ ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A wo ilé, a wo òde, a wo àjà, ọmọ ti hurùngbọ̀n.

Ní 1954, olórí ìlú Châteauneuf-du-Pape, Lucien Jeune, ṣòfin pé ọkọ̀ àwọn ará ojú sánmọ̀, àwọn abàmì àwo tí wọ́n ní wọ́n ń rí lókè nígbà yẹn, kò gbọdọ̀ balẹ̀ sí ilẹ̀ ìlú náà. Èyí tó bá balẹ̀, wọn yóò mú un sí àtìmọ́lé. Ayé rẹ́rìn-ín, ìwé ìròyìn gbé e, orúkọ ìlú tún gba ẹnu kan sí i láìná kọ́bọ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá balẹ̀ sí Kàbà, agbowó orí á ti lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó kú. Ọlọ́kadà á ní, “Ẹ̀yin ará òkè, Lọ́kọ́ja lẹ ń lọ ni?” Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nítorí náà, mo ti bá wa kọ òfin tiwa. Mi ò dúró de ìpàdé, torí mo mọ̀ wá.

Òfin kìíní: ẹmu tí omi inú rẹ̀ bá ju ẹmu lọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹmu Kàbà. Kí wọ́n máa pè é ní àlejò.

Òfin kejì: ẹni tó bá fẹ́ rọ ẹmu sínú ike gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bó orúkọ olómi kúrò, kó sì fi bírò kọ ti ìlú àti ti akọ̀pẹ sí i. Bí bírò kò bá sí, kó yá ti ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nítòsí.

Òfin kẹta: àríyànjiyàn lórí bóyá, nínú ìdílé mẹ́ta ìlú wa, ti Kàbà, ti Katú tàbí ti Odolú ló kọ́kọ́ dá ẹmu kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi ta ẹgbẹ̀rún ìgò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jà dáadáa, torí ìjà náà ń tajà.

Òfin kẹrin: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí ètò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nídìí ẹmu, igbà ni kí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, kó gun ọ̀pẹ kan fi ṣàlàyé.

Òfin karùn-ún: owó akọ̀pẹ kò ní kọjá ọjọ́ tó gun ọ̀pẹ. Kò sí “ó di òpin oṣù.” Òun kì í sọ fún ọ̀pẹ pé òun ń bọ̀ wá gùn ún lópin oṣù.

Ẹni tó bá ní òfin wọ̀nyí kò tẹ́ òun lọ́rùn, kó dìde, kó sọ̀rọ̀, ààyè wà fún un. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, kó kọ́kọ́ san gbèsè kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tó jẹ ìyá ẹlẹ́mu láti ọdún Àjíǹde.